JAMB 268, Medicine lọmọ mi kọ, Soil Science ni wọ́n fún un. Ká gbà á àbí ká dúró?

ÌyáẸniọlá_Òṣogbo

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Ẹniọlá ọmọ mi ṣe JAMB, ó gba 268 nínú 400, Medicine ló kọ, ó ṣe post-UTME náà, kò sì burú. Àná la ṣí CAPS, ojúlé JAMB tí wọ́n ti ń wo àdímíṣọ̀n, àdímíṣọ̀n ti jáde lóòótọ́ àmọ́ Soil Science ló wà níbẹ̀, lábẹ́ Agric. Láti àná nilé ò ti rọgbọ. Bàbá ẹ̀ ní kò sọ́mọ òun tó máa fi ọdún márùn-ún gbáko máa yẹ yẹ̀pẹ̀ wò, ó ní ká kọ̀ ọ́, kó jókòó ṣe JAMB míì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká tẹ accept kíá, pé àwọn tó ń wá irú ẹ̀ tí wọn ò rí i pọ̀ lọ jàra. Ọmọ fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, inú yàrá ló wà.

Aṣọ ni mò ń tà, mi ò lọ yunifásítì, mi ò sì fẹ́ kí àìmọ̀ mi ba ọ̀nà ọmọ jẹ́. Yàtọ̀ sí ká gbà á àbí ká má gbà á, ẹ tún bá mi sọ nǹkan tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an, torí gbogbo ẹni tí mo bi, orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ń pè fún mi.

Fẹ́mi_Mọ́kọ́lá

Ẹ gbà á mà. Mo mọ ọmọ kan tó gba 280 lọ́dún àkọ́kọ́, kò gba ohun tí wọ́n fún un, ọdún kejì ó gba 231, ọdún kẹta ló tó wọlé, kọ́ọ̀sì tí wọ́n sì wá fún un ò tó ti àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ tẹ accept, tó bá débẹ̀ kó wá cross lọ sí Medicine.

Nọ́ọ̀sì_Àjọkẹ́

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ̀rọ̀ cross yẹn bí ẹni pé ó rọrùn. Láti Agric bọ́ sí Medicine, àwọn ilé ìwé kan ò gbà á rárá, àwọn tó gbà á náà, ààyè tín-tìn-tín ni, àwọn ọmọ tí CGPA wọn, ìyẹn àròpọ̀ máàkì wọn, lé ní 4.5 nínú 5 ló ń du ú láàárín ara wọn. Mo ti rí ọmọ tó gbọ́kàn lé e látọjọ́ tó ti wọlé, nígbà tí kò ṣeé ṣe, ìwé sú u, third class ló fi jáde. Bí Ẹniọlá bá máa gba Soil Science, Soil Science náà ni kó gbà, kó má gbà á bí ẹni dúró de ọkọ̀.

Ìyá Ẹniọlá, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ bí Medicine ṣe rí fún yín. Ọdún mẹ́fà ni tí ohunkóhun ò bá dí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà housemanship, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, ọdún kan, lẹ́yìn náà àgùnbánirọ̀. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ sì ń wáyé, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ìjọba lọ́dún 2020 àti 2022 mọ̀ ọ́n, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án nínú ti àkọ́kọ́ àti oṣù mẹ́jọ nínú ti ìkejì. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ọmọ yẹn ni pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣe dókítà? Ẹ bi í nígbà tí bàbá ẹ̀ ò bá sí ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gan-an ló wù ú, Nursing wà, ọdún márùn-ún ni, Physiotherapy wà, Medical Lab wà, wọ́n ṣeé kọ sí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé torí ó mọ sáyẹ́ǹsì ni gbogbo wa ṣe ń pè é ní dókítà látìgbà tó ti wà ní JSS, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọmọ tó bá mọ̀wé nílẹ̀ wa, iṣẹ́ mẹ́ta náà la máa ń dárúkọ fún un, dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, a ò ní jẹ́ kó gbọ́ pé òmíràn wà.

Bàbá_Press_Ṣómólú

Èmi náà ò lọ yunifásítì, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, mo sì ti gba àwọn tó ní dìgírì síṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹnì kan wá, Accounting ló kà, mo ní kó bá mi ṣírò bébà tí ìwé olójú ewé 96 máa jẹ, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà. Mo ti sọ fún un pé ojú ewé 32 ló ń jáde lára bébà ńlá kan. Ó wò mí títí. Ìṣirò yìí ò le, ìwé kan á jẹ bébà 3, ẹgbẹ̀rún kan á jẹ 3,000, ríìmù 6 nìyẹn, ká tó wá fi ti èyí tó máa bàjẹ́ kún un. Ọmọ míì tún wá, History lòun kà, kò mọ nǹkan kan nípa press, ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè bíi márùn-ún, ó mú bíró, ó ṣe é. Ìgbà tó yá òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà sáwọn kọ́sítọ́mà, òun ló ń bá wọn dúnàádúrà.

Orúkọ kọ́ọ̀sì wá kọ́ ló ń bẹ níbẹ̀. Èmi ń fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ wí fún mi: ọdún mẹ́rin tí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn lò, kí ni wọ́n kọ́ ọ?

Ọmọ_Pólì_Tòótọ́

Bàbá, ìwé ni wọ́n fún un kó há sórí, ó há a, ó lọ dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó parí. Ìdí tí mo fi máa ń sọ pé kí ọmọ lọ pólì nìyẹn. Mo ṣe ND ọdún méjì, mo lọ IT ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa iná, mo padà wá ṣe HND ọdún méjì, kí n tó gba ìwé ẹ̀rí mi ni mo ti ń gbé sólà sórí òrùlé onílé. Síbẹ̀ tí a bá débi iṣẹ́ ìjọba wọ́n á ní HND ò tó B.Sc., ìwà ìyànjẹ tó burú jù nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí nìyẹn lójú tèmi. Kí yunifásítì kọ́ ọmọ níṣẹ́ tàbí kí wọ́n tìlẹ̀kùn. Gbogbo GST yẹn, àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di dandan fún gbogbo ọmọ yunifásítì, kí ni wọ́n fẹ́ fi Philosophy ṣe nínú oko?

Kọ́ládé_300L

Mo wà ní 300 level báyìí, ilé ìwé ìjọba ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Pólì sọ nípa híhá sórí o. Lẹ́kíṣọ̀ kan wà tí hándáàtì ẹ̀ ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ, ẹni tí ò bá rà á orúkọ ẹ̀ ò ní sí lórí lísìtì. Àmọ́ obìnrin kan ń kọ́ wa ní Logic, GST náà ni o, inú gbọ̀ngàn tí a pọ̀ tó ẹgbẹ̀rún la ti ń ṣe é, gbogbo ìgbà ló máa ń mú ìwé ìròyìn wá, á ka nǹkan tí olóṣèlú kan sọ, á ní ká wá ibi tí irọ́ wà nínú ẹ̀. Èyí tó wúlò jù fún mi látìgbà tí mo ti wọlé nìyẹn. Torí náà kì í ṣe kọ́ọ̀sì yẹn lẹ̀bi, ẹni tó ń kọ́ wa ni.

ỌmọIlẹ̀

Mo ti ń retí kí wọ́n dé ọ̀rọ̀ Soil Science fúnra ẹ̀, torí òun ni mo kà, Medicine lèmi náà kọ sí fọ́ọ̀mù nígbà yẹn. Ìyá Ẹniọlá, ẹ fọkàn balẹ̀ ka eléyìí, ó máa gùn díẹ̀.

100 level, ohun tí ọmọ Medicine ń ṣe lòun náà máa ṣe, Chemistry, Biology, Physics, Maths àti àwọn GST. Láti 200 ló máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo Agric, irúgbìn, ẹran, ọrọ̀ ajé oko, bí wọ́n ṣe ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá yá ló máa wá wọnú ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé Agric ló máa ń lo ọdún kan odindi fún oko, kò sí kíláàsì, ẹ̀yin lẹ máa gbin àgbàdo, ẹ máa sin adìẹ, ẹ máa tà á, ọjọ́ tí òjò bá pa yín ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò lára yẹ̀pẹ̀? Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yẹ apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire wò nítorí kòkó, tí wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1962, orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ kan ń jẹ́ Ìwó, ọ̀kan ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan ń jẹ́ Àpòmù, títí dòní ohun tí wọ́n ń pè é nínú ìwé sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́dá ní amọ̀ nínú, ó ń di omi mú, kòkó ń ṣe dáadáa lórí ẹ̀. Àpòmù yanrìn ni púpọ̀, tẹ́ ẹ bá da ajílẹ̀ sí i tí òjò ńlá rọ̀, ajílẹ̀ yẹn ti bómi lọ. Àgbẹ̀ tí ò mọ̀yí, ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan náà ló máa rà fún méjèèjì, owó ẹ̀ á ṣòfò lórí ìkejì. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ yẹn ti kan, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, o lè da ajílẹ̀ sí i títí, irúgbìn ò ní rí i jẹ bó ṣe yẹ, àfi tó o bá kọ́kọ́ fi láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀, tún un ṣe. Ẹni tó máa mú yẹ̀pẹ̀ yẹn lọ sí láàbù, tó máa sọ fún àgbẹ̀ pé ra èyí, má ra tọ̀hún, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ yín nìyẹn. Mo rò pé kò jìnnà sí dókítà.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Kẹ́míkà ò sí nínú láàbù wa lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ẹ̀ la rí. Ohun tó tún dùn mí jù, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá àgbàlagbà lóko. Mo dé oko kan nítòsí Ìkirè, mo ń sọ fọsifọ́rọ́ọ̀sì, bàbá ń wò mí. Ìgbà tó yá ló mú mi yíká oko ẹ̀, ó ń fi hàn mí, ilẹ̀dú rèé, ilẹ̀pa rèé, ibí yìí iṣu ò ta dáadáa, ibí yìí ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń gbà. Ohun tó wà nínú ìwé ìwádìí mi ló ń sọ, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi rìn ín. Ó yẹ kí yunifásítì ní kíláàsì tí irú bàbá yẹn máa wá jókòó síwájú tí a ó máa bi í léèrè, kí ìdánwò sì jẹ́ pé ká ṣàlàyé àbájáde láàbù fún àgbẹ̀ ní Yorùbá, àgbẹ̀ ló máa fún wa ní máàkì.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ó wà, kò pọ̀, kò sì ní wá bá a nílé. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, wà n'Ìbàdàn láti 1967, àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó àti ti oko wà n'Ìbàdàn náà, àwọn oko ńlá wà, àwọn tó ń ta ajílẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ jáde ti lọ sídìí nǹkan míì, ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọmọ_Pólì_Tòótọ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó máa fún ọmọ ní máàkì yẹn, mo fara mọ́ ọn gidi gan-an.

Tísà_Àgbà_Ṣàgámù

Mo kọ́ni ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá Ṣómólú àti ọmọ mi Pólì lóhùn.

Àríyànjiyàn tí ẹ̀ ń ṣe yìí, orí ẹ̀ ni yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ìgbà tí wọ́n dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, dìgírì tiwọn ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń kọ́ Látìn àti Gíríìkì níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé kí nìyẹn máa ṣe fún ìlú tí ò ní ẹnjiníà. Ní 1960 ni Azikiwe àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣí Nsukka, yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà ló bá wọn tò ó, wọ́n ní gbogbo ọmọ, ohun tó wù kó máa kà, gbọ́dọ̀ ṣe General Studies, kó mọ̀ nípa ìlú ẹ̀, kó lè kọ̀wé, kó lè ronú. Ibẹ̀ ni GST tí Pólì ń bínú sí ti wá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn dára. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a kó ẹgbẹ̀rún ọmọ sínú gbọ̀ngàn kan, a fún wọn ní ìbéèrè A, B, C, D, a wá ń pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ ìrònú. Ẹni tí wọn ò ní kó kọ àròkọ kan ṣoṣo láti 100 level dé ìparí, báwo ló ṣe máa kọ lẹ́tà fún Bàbá Ṣómólú?

NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, tún gbogbo kọ́ọ̀sì tò láìpẹ́ yìí, wọ́n pè é ní CCMAS, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá láti ọ̀dọ̀ NUC, ìdá 30 jẹ́ ti ilé ìwé fúnra ẹ̀. Tó bá ṣe pé èmi ni mo fẹ́ yan ilé ìwé fún ọmọ mi lónìí, ìdá 30 yẹn ni mo máa lọ wò. Kí ni wọ́n fi ààyè yẹn ṣe? Ilé ìwé tó wà láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó, ṣé ó fi kọ́ kòkó? Tí wọ́n bá kàn fi ẹ̀kọ́ káràkátà tí gbogbo ayé ń ṣe kún un, a jẹ́ pé wọn ò ronú nìyẹn.

Pólì, mo gbà pé ìyàtọ̀ HND àti B.Sc. níbi iṣẹ́ kò tọ́, mo sì ti sọ ọ́ níbi ìpàdé tó pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí yunifásítì di ibi ìkọ́ṣẹ́. Ohun tó o fi ń gun òrùlé lónìí lè yí padà lọ́la, ta ló máa kọ́ ọ ní tuntun? Ìwọ fúnra ẹ ni. Ohun tó yẹ kí yunifásítì fi lé ọmọ lọ́wọ́ nìyẹn, kó lè dá ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ mọ̀, kó sì lè sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n fún ẹlòmíràn. Ọmọ History yẹn ní in, ọmọ Accounting yẹn ò ní in, wọ́n sì lè ti ilé ìwé kan náà wá.

Ìyá Ẹniọlá, ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé ní 1948 yẹn náà, ọmọ kan wọ Ìbàdàn láti kọ́ Medicine, wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù, kò tó ọdún méjì tó fi kúrò ńbẹ̀ lọ sí English àti History, sikọ́láṣíìpù yẹn sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Chinua Achebe lorúkọ ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Mánísẹ́tà

Ẹ kú àlàyé sà. Kí n fi díẹ̀ kún un. Èmi wá ṣe másítàsì nílùú ọba, ohun tí wọ́n bi mí ni class tí mo fi jáde àti transcript. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí, 2:1, ìyẹn second class upper, ni wọ́n ń béèrè, àwọn míì gba 2:2, second class lower. Ẹni tó fi Botany jáde pẹ̀lú first class ń rọ́wọ́ mú ju ẹni tó fi pass jáde nínú kọ́ọ̀sì olórúkọ. Mo mọ ẹni tó ka Agric nílé tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi àti àyíká níbí báyìí. Àmọ́ mà, ẹ má torí ìlú òyìnbó yan kọ́ọ̀sì fún un o, òfin físà ń yí padà lójoojúmọ́.

Fẹ́mi_Mọ́kọ́lá

Àǹtí Àjọkẹ́, mo ti gbọ́ ti cross yẹn. Mà, ẹ gbà á ṣáá.

ÌyáẸniọlá_Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ tiyín náà. Mo bi í bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n bi í. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀ tó wá padà sọ ohun tó ń ṣe màmá fún wa, iṣẹ́ tẹni yẹn lòun fẹ́ràn, òun rò pé dókítà ni. Kì í ṣe dókítà, ará láàbù ni. Ó ní Chemistry ló dùn mọ́ òun jù, òun ò fẹ́ràn kóun máa rí ẹ̀jẹ̀ níbi tó bá ti ń ṣàn. Ọmọ yìí ti ń fojoojúmọ́ gbọ́ "dókítà mi" lẹ́nu èmi àti bàbá ẹ̀, kò wá ríbi sọ ọ́.

Mo wá ka ohun tí ỌmọIlẹ̀ kọ fún un, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ kan ń jẹ́ Ìwó? Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti kan, pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá a dáhùn.

Bàbá ẹ̀ ò tíì gbà tán. Ó ní tó bá jẹ́ iṣẹ́ láàbù, kó dúró, kó kọ Medical Lab lọ́dún tó ń bọ̀. Òun náà ò sì ṣì sọ. Àwa méjèèjì ṣì ń bá a fà á.

ỌmọIlẹ̀

Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n á ti ẹ̀rọ pH, èyí tó ń wọn bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, bọ̀ ọ́, tí nọ́ńbà yẹn bá ti wálẹ̀ sí 5 tàbí kó má tó o, ọ̀pọ̀ irúgbìn máa jìyà níbẹ̀. Tí iléèwé girama ẹ̀ bá ní bébà lítímọ́ọ̀sì, bébà tó ń yí àwọ̀ padà tó bá kan ásíìdì, kó lọ tọrọ díẹ̀, kó mú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín àti ti etí odò, kó gbé méjèèjì yẹ̀ wò kó tó tẹ nǹkan kan lórí CAPS. Tó bá gbádùn ẹ̀, ẹ mọ̀. Tí kò bá gbádùn ẹ̀, Medical Lab tí dádì sọ yẹn kò burú rárá.

Nọ́ọ̀sì_Àjọkẹ́

Medical Lab dáa, ọdún márùn-ún lòun náà. Àmọ́ kó tó ní òun ò gba èyí tó wà lọ́wọ́, kí dádì mú un lọ sí láàbù ọsibítù kan, kó jókòó tì wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á gbà tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n dáadáa. Kó rí méjèèjì.

Kọ́ládé_300L

Mà, tẹ́ ẹ bá máa gbà á, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ilé ìwé máa ń gba ààyè padà fún ẹlòmíràn. Ẹ rí i pé O'level ẹ̀ ti gòkè sórí ojúlé JAMB, tó bá tẹ accept tán kó prínt admission letter ti JAMB kó tọ́jú ẹ̀, wọ́n máa béèrè ẹ̀ nígbà NYSC. Ti owó ilé ìwé, NELFUND wà, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, kò ní èlé, ilé ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún 20 lóṣù fún jíjẹ mímu. Kó ní NIN àti BVN ẹ̀ nílẹ̀, kí orúkọ tó wà lórí méjèèjì bá ti JAMB mu, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi ti há fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

ÌyáẸniọlá_Òṣogbo

Orúkọ ẹ̀ lórí NIN, wọ́n fi "h" sí i. Èmi àti ẹ̀ ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, tá a bá kúrò ńbẹ̀ a máa yà lọ́dọ̀ tísà Chemistry ẹ̀ lọ tọrọ bébà yẹn. Bàbá ẹ̀ ní òun mọ ẹnì kan ní láàbù ọsibítù, ó ti ń pè é báyìí.